Ta ló ń kọ́ òbí? Àlàyé lórí títọ́ ọmọ, òfin àti ẹ̀sìn

Obìnrin kan tó ń ta òkìrìkà ládùúgbò wa ní Kubwa, ní Abújá, ló gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ yìí." Ohùn ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó ń pariwo pé ìjọba fẹ́ ṣòfin: ẹni tí kò bá lọ sí kíláàsì òbí kò gbọdọ̀ bímọ, ẹni tó bá sì bí i láìgba ìwé ẹ̀rí, wọn yóò gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú obìnrin yìí. Bó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ló ń fọwọ́ pa ikùn rẹ̀.

Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Mo sọ ọ́ fún un, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Àmọ́ bó ṣe fẹ́ máa lọ, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò wá yẹ kó wà ni? Èmi ò mà mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fọ́mọ o." Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ ní ìpàdé ọmọ Yorùbá, mo sì ti rí i pé ńṣe là ń bára wa jiyàn lásán, torí ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń pè lórúkọ kan ṣoṣo.

## Kí ni ẹ̀kọ́ òbí, kí sì ni "dandan"?

Ẹ̀kọ́ òbí ni kí ẹni tó mọ̀ nípa ọmọ jókòó ti ìyá àti bàbá, kó là á yé wọn bí ọmọ ṣe ń dàgbà: ohun tí ọmọ ọdún kan lè ṣe, ohun tí ọmọ ọdún méjì kò tíì lè ṣe bó ti wù kí a pariwo mọ́ ọn tó, bí a ṣe ń bá ọmọ wí láìṣe é léṣe, bí òbí ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu nígbà tínú bá ń bí i. Kì í ṣe ìwé kíkà ńlá. Ìjókòó wákàtí kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ ni, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, níbi tí òbí ti ń sọ ti ilé rẹ̀, tó sì ń gbọ́ ti ẹlòmíràn.

"Dandan" ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ wíwà wé e. Wọ́n lè ní o kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ sójú pópó láìgba láìsẹ́ńsì. Dandan àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ni ohùn inú fóònù yẹn ń sọ: kọ́ ọ kí o tó bímọ, tàbí kí o tó gbéyàwó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sì tún lè wá sí gáréèjì, kí wọ́n bá gbogbo awakọ̀ sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ. Ìkejì nìyẹn. Ìkẹta ni ti awakọ̀ tó ti rúfin, tí kóòtù ní kó padà lọ kọ́ṣẹ́.

Irú ìkẹta yìí ti wà níbòmíràn. Ní England, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1998 fún kóòtù lágbára láti rán òbí ọmọ tó bá dáràn lọ sí kíláàsì, ó lè gùn tó oṣù mẹ́ta. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, tọkọtaya tó bá ní ọmọ kékeré tí wọ́n sì fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó fún ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́rin, ó kéré tán, lórí bí ọmọ kò ṣe ní fara gbá nínú ìjà wọn. Èyí tó sún mọ́ ti àkọ́kọ́ ni ti Malaysia, níbi tí Mùsùlùmí tó fẹ́ so yìgì ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí kíláàsì ìgbéyàwó. Ìgbéyàwó ló wà fún o, kì í ṣe ọmọ bíbí.

Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ ẹ̀kọ́ òbí tó jẹ́ dandan, ti àkọ́kọ́ ló sábà ń ní lọ́kàn. Ẹni tó ní òun fẹ́ ẹ, ìkejì tàbí ìkẹta ló ń rò. Bí a bá ti mọ èyí tí à ń sọ, ìjà á dín kù.

## Kí ni òfin tiwa sọ?

Òfin tó kan ọ̀rọ̀ yìí jù ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003. Ní Abújá, tààrà ló ń ṣiṣẹ́, torí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ló ń ṣòfin fún wa níbí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti sọ ọ́ di tirẹ̀. Abala 15 ní ẹ̀tọ́ ọmọ ni kó lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, òbí tí kò bá sì jẹ́ kó lọ ti rúfin. Abala 20 ní kí òbí tọ́ ọmọ sọ́nà, kó bá a wí, kó kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Abala 11 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hùwà ìkà sí ọmọ.

Ẹ wò ó dáadáa: iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń bù fún òbí. Nínú àwọn abala wọ̀nyí, kò sí èyí tó sọ ẹni tí yóò kọ́ òbí níṣẹ́ náà. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé oko lé ènìyàn lọ́wọ́, tí wọ́n ní bó bá di igbó yóò rí ẹjọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú hàn án.

Ó tún kù. Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní Àríwá tó fi mọ́ Abújá, sọ ní abala 55 pé òbí lè fìyà jẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti fi tọ́ ọ sọ́nà, bí kò bá ti ṣe é léṣe tó lágbára. Òfin kan ní má hùwà ìkà, èkejì ní o lè nà án. Ibo ni ìbáwí parí sí, ibo ni ìkà ti bẹ̀rẹ̀? Adájọ́ ló ń dá a lẹ́jọ́, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti fara pa tán. Òbí tó wà nílé ní aago mẹ́wàá alẹ́ pẹ̀lú ìbínú àti bẹ́líìtì lọ́wọ́, kò sí ẹni tó là á yé e ṣáájú.

Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 1989, tí Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lù ní 1991, sọ̀rọ̀ tí a kì í sábà gbọ́. Abala 18 rẹ̀ ní òbí ló ni iṣẹ́ títọ́ ọmọ, ó sì ní kí ìjọba ràn án lọ́wọ́ láti ṣe é. Gbèsè wà lọ́rùn ìjọba níhìn-ín, mo fẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹni tó bá ní kí wọ́n kúkú fi kíláàsì ṣáájú ìgbéyàwó káàkiri orílẹ̀-èdè, kó mọ̀ pé kò rọrùn. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún ìjọba àpapọ̀ lágbára lórí ìgbéyàwó, ó wá yọ ti Ìsìláàmù àti ti ìbílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó so yìgì ní Zaria, ẹni tó ṣe ìdána nílé bàbá ìyàwó ní Lokoja, òfin bẹ́ẹ̀ kò ní mú wọn, àfi bí ìpínlẹ̀ wọn bá ṣe tirẹ̀. Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní kóòtù, nìkan ni yóò bá. Òun náà tí a sì ń sọ yìí, ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ara ògiri bóyá ẹnikẹ́ni ní àtakò. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè nípa ọmọ.

## Ṣé ẹ̀sìn kò ti ń kọ́ òbí tẹ́lẹ̀ ni?

Ó ń kọ́ ọ. Ẹ̀sìn nìkan ni ilé ẹ̀kọ́ òbí tí ọ̀pọ̀ nínú wa tíì bá pàdé, ibẹ̀ náà sì ni dandan ti wà tipẹ́. Ìjọ Kátólíìkì kò ní so yín pọ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti ṣe ìgbaradì. Púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Abújá kì í fi ọjọ́ ìgbéyàwó lélẹ̀ láìrí èsì àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù. Ìpínlẹ̀ Kano ti sọ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ di òfin ní ọdún 2024 fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ra. Nítorí náà, ẹni tó ní àwọn ará Àríwá kò lè gba dandan kankan lórí ọ̀rọ̀ ìdílé kò wo ohun tó ń lọ. Ẹ̀jẹ̀ wọn ni wọ́n gbà kí a yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ bí wọn yóò ṣe tọ́ ọmọ ni ẹnikẹ́ni kò tíì dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ẹ̀sìn fi lágbára tó báyìí lórí ìdílé wa níhìn-ín. Àwọn àgbà ní ẹnìkan níí bímọ, igba ènìyàn níí wò ó. Ní Ìlọrin tí wọ́n ti bí ọkọ mi, igba ènìyàn yẹn wà lóòótọ́. Ìyá àgbà á gba ọmọ wẹ̀. Ìyàálé á yọjú láti yàrá kejì, á ní, "Má pariwo mọ́ ọn, eyín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu." Kò sẹ́ni tó pè é ní kíláàsì, àmọ́ kíláàsì ni, láàárọ̀ àti lálẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní Kubwa, yàrá méjì àti pálọ̀ ni. Bàbá ti jáde láago márùn-ún ìdájí kó lè sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, aago mẹ́jọ alẹ́ ló ń wọlé. Ìyá ìyàwó wá fún oṣù mẹ́ta, ó ti padà sílé. Igba ènìyàn ti di ènìyàn méjì, ó sì ti rẹ àwọn méjèèjì.

Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ló wá di agboolé wa. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, àwọn ìyá ìjọ ló gbé ọbẹ̀ wá fún mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ilé kejì sí tiwa, àwọn obìnrin àsàlátù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Onígbàgbọ́ ni mí, Mùsùlùmí ni ìyá ọkọ mi, mo sì ti jókòó nínú wáàsí méjèèjì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi wà níbẹ̀ fún òbí. Nínú súrà Lùkmọ́nù, bàbá kan jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́tù, ó ń kìlọ̀ fún un nípa ìgbéraga àti ariwo ẹnu. Nínú ìwé Éfésù orí kẹfà, wọ́n ní kí bàbá má ṣe máa mú ọmọ rẹ̀ bínú. Iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ìwàásù lórí ẹsẹ tó ní kí ọmọ gbọ́ ti òbí pọ̀ ju iye ìgbà tí mo gbọ́ lórí ti bàbá yìí lọ, bẹ́ẹ̀ ojú ìwé kan náà ni wọ́n wà.

Kíláàsì ìgbéyàwó tèmi àti ọkọ mi gba ọ̀sẹ̀ méjìlá. A sọ̀rọ̀ owó, a sọ̀rọ̀ àna, a sọ̀rọ̀ ìtẹríba. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n mẹ́nu ba ọmọ, ìyẹn náà lórí iye tí a fẹ́ bí. Ọ̀sẹ̀ méjìlá fún ìgbéyàwó, kò tó wákàtí kan fún ẹni tí yóò bá wa gbé fún ogún ọdún.

## Níbo ni ẹ̀sìn ti lè ṣi òbí lọ́nà?

Ọmọ mi kejì ń tọ̀ sílé títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìdájí ni mo máa ń jí láti fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀, omi tí mo rà lọ́wọ́ mẹrúwà sì ni mo fi ń fọ̀ ọ́. Ó sú mi. Màmá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa sọ fún mi pé kì í ṣe ojú lásán, pé ẹ̀mí kan ló ń gbé ọmọ náà lọ síbi omi lóru. Ó ní kí n má fún un lóúnjẹ alẹ́ fún ọjọ́ méje. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá tún wá tọ̀, màá nà án. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ti ń sùn lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kí bẹ́ẹ̀dì má baà tutù.

Ìyá ọkọ mi pè láti Ìlọrin lọ́jọ́ kan, ó sì gbọ́ ẹkún. Ó bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi, ọkọ rẹ tọ̀ sílé títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Jí i lẹ́ẹ̀kan lóru. Dín omi rẹ̀ kù bó bá ti di alẹ́. Má fọwọ́ kàn án mọ́." Nọ́ọ̀sì kan tí mo wá lọ bá sọ ohun kan náà. Nínú ọmọ méje tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kù ọ̀kan tó ṣì ń tọ̀ sílé. Ó máa ń ti ara òbí wá, oorun ọmọ wuwo, àpòòtọ̀ rẹ̀ kò tíì gbó, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ẹgba kì í wò ó sàn, ẹ̀rù ló ń dá kún un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni nọ́ọ̀sì yẹn fi sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ọmọ náà ti pé ọdún 16 báyìí, ara rẹ̀ dá. Títí dòní, bó bá ti la ojú, ó kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wò.

Màmá tó gbà mí nímọ̀ràn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ràn wa, tọkàntọkàn ló fi gbàdúrà. Ìbéèrè tó jẹ́ ti nọ́ọ̀sì ni mo gbé lọ bá a, nítorí òun ni mo ní nítòsí. Bí ẹ̀sìn ṣe ń wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ nìyẹn: àyè tó ṣófo ló ń wọ̀. Nígbà mìíràn, ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ jáde burú ju tèmi lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, ní Kaduna, tí wọ́n ń pè ní ilé kéwú àti ilé ìtúnwàṣe. Ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 300 ni wọ́n bá níbẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Ẹbí wọn ló fi ọ̀pọ̀ wọn síbẹ̀, torí ọmọ ń mu oògùn olóró tàbí ó ya pòkíì, tí wọn kò sì mọ ibòmíràn tí wọ́n lè gbé e lọ. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n tú 259 ènìyàn sílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, nílẹ̀ Yorùbá tiwa. Ní ti àwọn Onígbàgbọ́, ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ní láti ṣòfin lọ́dún 2008 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ọmọ ní àjẹ́ mọ́. Kò sí ẹ̀sìn tó lè na ìka sí èkejì lórí ọ̀rọ̀ yìí.

## Ṣé kíláàsì yìí tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́?

Níbi tí wọ́n ti dán an wò dáadáa, ó ń ṣiṣẹ́ dé àyè kan. Ní agbègbè Eastern Cape ní South Africa, ìlú àwọn tálákà, wọ́n kó òbí àti àwọn ọmọ wọn tó ti ń bàlágà jọ fún ọ̀sẹ̀ 14. Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ni wọ́n kọ́ láti darí ìjókòó náà, kì í ṣe dókítà. Ìdílé 552 ló wà nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 2018. Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí kíláàsì parí, lílù àti ìwà ìkà ti dín kù nílé àwọn tó jókòó ju tàwọn tí kò jókòó lọ.

Ti Sweden ló wù mí jù. Ní 1979, wọ́n ṣòfin pé òbí kò gbọdọ̀ na ọmọ. Ẹ̀wọ̀n kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí àwọn ilé tó ní ọmọ, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ náà sára páálí mílíìkì kí tọkọtaya lè máa kà á bí wọ́n ṣe ń jẹun àárọ̀. Tiwa ì bá jẹ́ ara ọ̀rá píọ̀ wọ́tà.

Kíláàsì kò lè ṣe ohun gbogbo. Ìyá tó ń gbé ní Mararaba, létí Abújá, tó ń wọ ọkọ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù gba Nyanya lọ síbi iṣẹ́, tó sì ń fi ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, kì í ṣe àìmọ̀kan ló ń dà á láàmú. Owó ni, ọ̀nà ni, àìsí ẹni tó lè bá a wo ọmọ ni. Bí ìjọba bá gbé kíláàsì kalẹ̀ fún irú ìyá yìí, tó sì fi owó ìtanràn lé e bí kò bá lè wá, ìyà ló fi kún ìyà rẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi lòdì sí dandan àkọ́kọ́ yẹn pátápátá. Ẹni tó lówó á fi ọjọ́ kan gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, àwa yòókù á máa rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́nu ọ́fíìsì, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìwé níbí kò ní kí n ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

## Ta ni yóò kọ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ òbí?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù, ibí náà ni ẹ̀rù àwọn ẹlẹ́sìn ti mọ́gbọ́n dání. Ìwé òfin wa sọ ní abala 10 pé ìjọba kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn kan ṣe ti orílẹ̀-èdè. Abala 38 fún ẹnikẹ́ni lómìnira ẹ̀sìn, ó sì ní a kò gbọdọ̀ fi tipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀ nílé ìwé. Bí ìjọba bá wá kọ ìwé lórí bí ilé ṣe yẹ kó rí, àwọn kan á ní ó ti jẹ́ ti òyìnbó jù, àwọn mìíràn á ní ó ti jẹ́ ti Mùsùlùmí jù tàbí ti Onígbàgbọ́ jù.

A ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Adamu Adamu, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀ kúrò nínú ìwé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òbí àti fún ilé ìjọsìn. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí i. Ìbéèrè tí mo ń retí kí ẹnìkan bi í kò wáyé: ta ló ti kọ́ òbí ní ohun tí yóò sọ? Mo mọ bàbá tó ń mójú kúrò bí ọmọbìnrin rẹ̀ bá béèrè owó páàdì. Bí a bá gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ tíṣà tí a gbé e fún òbí, ó yẹ ká tún fún òbí náà ní irinṣẹ́ iṣẹ́ ọ̀hún.

Ohun tí ipá àti àìfọkàntán lè fà, Àríwá ti kọ́ ọ nípasẹ̀ àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ní 2003, Kano kọ oògùn àjẹsára rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìròyìn pé wọ́n fi nǹkan sí i tí kò ní jẹ́ kí ọmọbìnrin lè bímọ. Nǹkan bí oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi kọ̀ ọ́, àrùn náà sì tàn kọjá ààlà dé àwọn ilẹ̀ tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò fi ọlọ́pàá yanjú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba oògùn wá láti Indonesia, orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, tí àwọn ọba àti àwọn lèmọ́mù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé oríṣi àbáláyé kòkòrò àrùn náà (wild poliovirus) ti tán ní Áfíríkà.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé dókítà ló mọ ohun tó wà nínú oògùn, lèmọ́mù ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Kí àwọn tó mọ̀ nípa ọmọ kọ ohun tó jẹ́ ti ìmọ̀: bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, ìdí tó fi ń tọ̀ sílé, ohun tí ẹgba ń ṣe sí i. Kí pásítọ̀ àti álfà fi ohùn tí a gbẹ́kẹ̀ lé gbé e jáde, kí wọ́n sì fi ti ìgbàgbọ́ wọn kún un fún àwọn ọmọ ìjọ wọn. Bí pásítọ̀ tàbí álfà bá nìkan kọ gbogbo rẹ̀, a ó padà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí inú omi. Bí ìjọba bá nìkan kọ ọ́, kò ní wọ inú ilé.

## Kí ni kó wá jẹ́ dandan, fún ta sì ni?

Fún ìjọba ni. Dandan ni kó jẹ́ fún wọn láti gbé e wá bá wa, níbi tí a ti ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo káàdì àjẹsára ọmọ yín. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ti ọ̀sẹ̀ 6, ti ọ̀sẹ̀ 10, ti ọ̀sẹ̀ 14, ti oṣù 9, ti oṣù 15. Ìgbà mẹ́fà nìyẹn tí ìyá máa ń gbé ọmọ lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìjọba, yàtọ̀ sí ọjọ́ tó fi ń lọ ṣàyẹ̀wò oyún. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, a sì ń kọrin, a ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ọmú àti ìmọ́tótó ló ń gba gbogbo àyè. Bí wọ́n bá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kí ti ọ̀sẹ̀ 6 dá lórí ẹkún ọmọ, kí ti oṣù 9 dá lórí ọmọ tó ń rá tó ń fa nǹkan lulẹ̀, ti oṣù 15 lórí ọmọ tó ti mọ "rárá" í sọ, a ti ní kíláàsì láìkọ́ ilé kankan.

Àwọn bàbá kì í wá síbẹ̀. Ẹ̀yìn Jímọ́ọ̀ àti ẹ̀yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni a ti lè rí wọn mú, ìdí mìíràn nìyẹn tí a kò fi lè yọ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá ti ṣe ọmọ léṣe, tí ọ̀rọ̀ ti dé kóòtù, tí adájọ́ sì rí i pé ọmọ ṣì lè padà sọ́dọ̀ rẹ̀ láìséwu, mo gbà pé kí kíláàsì di dandan fún un. Bí wọ́n bá ti òbí mọ́lé fún oṣù mẹ́fà láìkọ́ ọ ní nǹkan kan, ìbínú kan náà ló máa gbé padà wálé.

Obìnrin olókìrìkà yẹn bí ọmọkùnrin. Lọ́jọ́ tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sìn ín lọ gba abẹ́rẹ́. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé ọmọ kọ́ sára òṣùwọ̀n, ó ń tapá. Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ọmú fún wa, ó ní kí a má fún ọmọ lómi kó tó pé oṣù mẹ́fà. Ó ń pa rẹ́jísítà rẹ̀ dé nígbà tó bi wá bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Gbogbo ilé dákẹ́. Àbúrò mi yìí nawọ́ sókè, ohùn rẹ̀ kò jáde tán: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí mo bá ti fún un lọ́mú, tí mo ti pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀, tó ṣì ń ké lóru, tínú wá ń bí mi gan-an, kí ni kí n ṣe?"

Nọ́ọ̀sì náà fi rẹ́jísítà sílẹ̀, ó fa àga, ó jókòó. Ó ní kó gbé ọmọ náà sórí ibùsùn, kó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, kó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó mí dáadáa, kó pe ẹnìkan lórí fóònù, kó tó padà wọlé. Ó ní bó ti wù kínú bí i tó, kó má ṣe di ọmọ mú kó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì láéláé, torí ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ti ń sún mọ́ iwájú. Ọ̀kan nínú wọn, tí ọmọ rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, ní kó jọ̀ọ́ tún un sọ ní Haúsá.

Ó tún un sọ.